Gustar: fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, Yorùbá ẹ ló mọ̀ ọ́n

Àbúrò tó ní òun sọ "yo gusto el arroz" lédè Spanish tí ọ̀gá òun ń rẹ́rìn-ín, kò le rárá jàre. "I like rice" lò ń túmọ̀ lọ́kàn, ohun tó ń dà ẹ́ láàmú nìyẹn. Ṣebí tá a bá rí aṣọ tó dáa ní ṣọ́ọ̀bù, "aṣọ yẹn wù mí" la máa ń sọ, aṣọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi kàn dúró ni, òun ló wá bá mi. Gustar, ọ̀rọ̀ Spanish fún kí nǹkan wuni, gan-an nìyẹn: "me gusta ese vestido". Ohun tí ìwọ sọ dà bí ìgbà tó o ní ìwọ lo wu ìrẹsì, kí ló ṣe tí kò ní rẹ́rìn-ín! Bẹ́ẹ̀ náà ni "orí ń fọ́ mi" ṣe jẹ́ "me duele la cabeza".

Ibi tí Yorùbá ò ti lè gbà ẹ́ ni tí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ. "Wù" kì í yí fún wa, ì báà jẹ́ ọsàn kan tàbí páálí ọsàn, àmọ́ ti Spanish á yí: "me gusta la naranja", "me gustan las naranjas". Tó bá jẹ́ nǹkan ṣíṣe ṣá, kì í yí o, "me gusta cantar y bailar".

Tó o bá ń bá àgbàlagbà tàbí kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, "¿le gusta?" ni, bí ìgbà tá a ní "ṣé ó wù yín?", "te" wà fún ẹgbẹ́ ẹ. Tẹ́nì kan bá ní "me gusta" tó o sì fẹ́ ní èmi náà, "a mí también" ni, kì í ṣe "yo también" o.

Èyí tó léwu jù wá ni "me gustas", torí ìyẹn ni pé ọkàn ẹ ti fà sí ẹni yẹn. Níbi tá a ti ń di ọsàn sí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valencia ní Spain, ọmọkùnrin wa kan sọ ọ́ fún obìnrin tó bá a gbé páálí, obìnrin yẹn rọra sọ páálí kalẹ̀ ó sì na òrùka ìgbéyàwó ẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé ìwà ẹni náà lo fẹ́ràn, "me caes bien" ni kó o sọ.

Encantar, ìyẹn kí nǹkan wuni gan-an, ọ̀nà kan náà lòun náà ń gbà, àmọ́ má fi "mucho" kún un, ó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀.