Kí Ló Dé Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kò Rí Káàdì Gíráfíìkì Tuntun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo ra káàdì gíráfíìkì tuntun sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi. Fáànù rẹ̀ ń yí, àwòrán sì ń jáde bí mo bá ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ ẹ̀yìn motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), ṣùgbọ́n Windows kò rí káàdì náà. Bí mo bá fẹ́ fi driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ) sí i, yóò ní òun kò rí ẹ̀rọ tí òun wà fún. Ṣé káàdì náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá a padà fún ẹni tó tà á. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kò rí káàdì náà, tàbí ó rí i, tó jẹ́ pé Windows ni kò mọ bí yóò ṣe lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi driver sí, wọn a tún yọ ọ́, nígbà tí káàdì náà kò tíì bá motherboard sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bí ẹ bá rí gíráfíìkì inú processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) yín, tí ẹ tún rí Microsoft Basic Display Adapter (orúkọ tí Windows ń fún káàdì tí kò tíì ní driver tirẹ̀) tàbí ẹ̀rọ kan tó ní àmì ìkìlọ̀, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti rí káàdì náà. Ẹ wọ Safe Mode (ọ̀nà tí Windows fi ń tàn pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan), kí ẹ fi ètò tí wọ́n ń pè ní DDU nu driver àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì gba tuntun lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Lórí Linux, àṣẹ lspci ni yóò sọ fún yín bóyá ó rí káàdì náà.

Bí kò bá sí àmì káàdì náà rárá níbẹ̀, bí mo ṣe rò pé ó rí nínú ọ̀ràn tiyín, driver kọ́ ló kàn. Fáànù tó ń yí kò fi hàn ju pé iná dé ara káàdì lọ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ yọ káàdì náà, kí ẹ tún un kì sínú slot gígùn (ihò tí a ń ki káàdì sí lórí motherboard) tó sún mọ́ processor jù lọ, títí ẹ ó fi gbọ́ tí ìkọ́ ìdí slot náà ró. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bí eyín aláwọ̀ wúrà bá hàn lápá kan tí kò hàn lápá kejì, káàdì náà dagun. Nígbà tí a bá ń dè é mọ́ ara àpótí ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé bí irin ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá bọ́ sí àyè rẹ̀ dáadáa, dídè náà ni yóò gbé ìdí kejì sókè.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iná. Wọ́ọ̀tì 75 péré ni slot náà lè fún káàdì. Wáyà onípíìnì 6 ń fi 75 kún un, ti onípíìnì 8 ń fi 150 kún un. Gbogbo ihò iná tó wà lára káàdì ni ẹ gbọ́dọ̀ fi wáyà sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi wáyà onípíìnì 8 ti processor sí i tipátipá, ẹ má sì ṣe yá wáyà power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) mìíràn lò, bí ó tilẹ̀ wọlé wẹ́kú, nítorí pé ìtò iná inú wọn lè yàtọ̀, ó sì lè jó káàdì náà.

Bí gbogbo èyí bá pé, ẹ wọ inú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn), kí ẹ yí Primary Display kúrò lórí Auto sí PCIe tàbí PEG, ìyẹn slot tí káàdì náà wà. Bí káàdì náà bá gba orí riser (wáyà tàbí pátákó tó so káàdì mọ́ slot), ẹ fi ìyára slot náà sí Gen 3. Ẹ wo CSM náà, ìyẹn ibi tí BIOS ti ń fàyè gba ọ̀nà ìtanná àtijọ́, nítorí pé àwọn káàdì tuntun kan ń fẹ́ UEFI, ọ̀nà ìtanná tuntun. Ṣùgbọ́n bí dísíìkì tí Windows wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín dísíìkì), Windows kò ní tàn mọ́ bí ẹ bá pa CSM. Ẹ yẹ èyí wò nínú Disk Management, ibi tí Windows ti ń fi àwọn dísíìkì hàn, ṣáájú. BIOS tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe motherboard náà tún máa ń yanjú rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ní ti bóyá ó ti bàjẹ́, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni yóò jẹ́rìí. Bí ìyẹn náà kò bá rí i, ẹ dá a padà. Bí ó bá rí i, slot tàbí motherboard tiyín ni kí ẹ gbé lọ fún àtúnṣe.