Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí NVDA ka fọ́ọ̀mù wọn ná

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nítorí àbúrò yín tó wà ní Bàrígà. Ẹ ní ọmọ ọdún 24 ni, ó ti di ọdún méjì tí ojú rẹ̀ ti lọ, ó mọ kọ̀ǹpútà lò tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ accessibility ló sì wù ú, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó máa ń yẹ wẹ́ẹ̀bù àti áàpù wò bóyá akanda ẹ̀dá lè lò wọ́n. Ẹ wá béèrè pé ibo l'Ékòó ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí ọ̀nà yẹn ni èmi náà tọ̀. Mo náwó sí i, mo sì sunkún sí i.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe ní Marina nígbà tí gilọkómà bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lójú. Nígbà tó fi máa di 2018, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tí mò ń rí, n kì í dá ojú èèyàn mọ̀ mọ́. Lónìí, iṣẹ́ tí àbúrò yín fẹ́ kọ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ rèé: ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń kọ́ni ní accessibility, kí ẹ tó sanwó fún un, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fi NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí wa létí, ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba orúkọ. Bí kò bá lè kọ fọ́ọ̀mù náà tán fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó bá a di máòsì mú, ẹ fi owó yín sápò.

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2019, mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kọ́ni ní Yaba, Sátidé mẹ́ta, ₦65,000. Mo kó èsúsú mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí mo ṣí fọ́ọ̀mù wọn, ohun tí NVDA ń sọ kò ju "edit, blank" lọ, ìyẹn àpótí ìkọ̀wé tó ṣófo. Mo tẹ Tab láti bọ́ sí àpótí tó kàn, "edit, blank". Mo tún tẹ̀ ẹ́, "edit, blank". Àpótí mẹ́fà, kò sí ẹyọ kan tó ní orúkọ. Mi ò mọ èyí tí màá kọ orúkọ mi sí, mi ò mọ èyí tí màá kọ nọ́ńbà fóònù sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi kọ ọ́. Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀, àmọ́ ojú ń kán mi.

Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ dánfó láti Ọ̀jọ́ta dé Yaba pẹ̀lú ọ̀pá funfun mi. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀: "Ẹ wo ibí yìí, ṣé ẹ rí i bí àwọ̀ tòkè yìí ṣe yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀?" Mo nawọ́, mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà níbẹ̀? Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí í-meèlì. Wọ́n sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ojú ìwé 58. Mo jókòó tì í lóru, iná ò sí, bátìrì laptop ń tán lọ, "graphic" ṣáá ni NVDA ń pè láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di àwòrán. Ẹ̀kọ́ tó dá lé orí wa, wọ́n ṣe é lọ́nà tí àwa ò fi ní lè kà á. Mo béèrè owó mi títí ó fi sú mi, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Kí àbúrò yín má tíì wá kíláàsì kankan. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Michael Curran àti James Teh, ọmọ Ọsirélíà méjì tí àwọn fúnra wọn ò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, torí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ́n gógó nígbà náà. Lórí wẹ́ẹ̀bù, H máa gbé e láti àkọlé dé àkọlé, F láti àpótí fọ́ọ̀mù kan dé òmíràn, K láti líǹkì dé líǹkì, B láti bọ́tìnnì dé bọ́tìnnì. Tó bá di bọ́tìnnì NVDA mú, ìyẹn Insert, tó wá tẹ F7, gbogbo líǹkì àti àkọlé ojú ìwé náà máa tò sílẹ̀ fún un bí ọjà orí àtẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe èyí nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé bí ojú ìwé kan bá dákẹ́ fún mi, kì í ṣe èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò, àwọn tó ṣe é ni wọn ò ṣe é dáadáa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, etí ni àwa fi ń ṣọ́ tiwa. Etí yẹn gan-an sì ni wọ́n máa sanwó fún nínú iṣẹ́ yìí.

Bí kò bá tíì mọ ọ̀pá funfun lò, ẹ mú un lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ní Òṣòdì. Àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ìrìn yìí o, torí iṣẹ́ á pè é lọ síbi tí kò dé rí.

Tó bá sì jẹ́ laptop àlòkù lẹ fẹ́ rà ní Computer Village n'Ìkẹjà, ẹ gbé NVDA sórí fláàṣì dání lọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìjẹ́ pé ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni. Bọ́tìnnì NVDA àti 1 máa jẹ́ kó pe orúkọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀. Bí mo ṣe ra tèmi nìyẹn. Ọmọkùnrin tó ń tà á búra pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, NVDA ń pè é, à ń bá a bọ̀, a dé orí N, ó dákẹ́. Mo tún tẹ N, ó dákẹ́. Ọmọ náà ò bá mi jiyàn mọ́, ó lọ gbé òmíràn wá.

Ní ti ẹ̀kọ́ gan-an, èyí tó wúlò fún mi jù, ọ̀fẹ́ ni. W3C, àwọn tó ń gbé ìlànà wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Digital Accessibility Foundations lórí edX, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ò ní sanwó láti kọ́ ọ, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń gbowó fún. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú fídíò wọn sílẹ̀, ìyẹn ni mo fi dá dátà mi sí: mo máa ń ka ọ̀rọ̀ náà, n kì í ṣí fídíò. Deque University, tí àwọn náà ń kọ́ni ní accessibility lórí wẹ́ẹ̀bù, máa ń gba akanda ẹ̀dá láyè láti kọ́ ẹ̀kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá kọ̀wé béèrè. Gbogbo wọn ló dá lé WCAG, ìlànà tí W3C kọ; ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ tó jáde ní October 2023 ni àbúrò yín máa bá pàdé. Kó má wulẹ̀ há a sórí. Kó mú òfin kan lójúmọ́, kó wá wẹ́ẹ̀bù tó rú u. Ìdánwò CPACC, tí IAAP, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ accessibility lágbàáyé, fi ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, tó jẹ́ ìbéèrè 100, dọ́là ni wọ́n fi ń san án, kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mo ti ń gbowó lórí iṣẹ́ kí n tó ṣe é.

Ohun tó gbé iṣẹ́ wá bá mi ni ìwé tí mò ń kọ. Wẹ́ẹ̀bù kan lọ́sẹ̀: ohun tí mo tẹ̀, ohun tí NVDA sọ, òfin WCAG tó rú, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tún un ṣe. Mo kọ ọ̀kan sí ilé ìwé kékeré kan ní Sùúrùlérè nítorí fọ́ọ̀mù tí àwọn òbí fi ń san owó ilé ìwé, "edit, blank" kan náà yẹn. Ẹni tó ń bá wọn ṣe wẹ́ẹ̀bù pè mí, ó ní òun ò mọ̀ rárá pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. A jókòó pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ nínú kóòdù, kò pẹ́ rárá. Mo tẹ Tab. "Surname, edit." Mo tún tẹ̀ ẹ́. "First name, edit." Omi bọ́ lójú mi níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Òun ló gbé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ mówó wá fún mi, a sì jọ ń ṣe é di òní. Kí àbúrò yín náà wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tó fẹ́ ojú. WCAG ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ lẹ́tà kéékèèké sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Axe àti WAVE, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe lórí wẹ́ẹ̀bù, lè bá wa ṣírò rẹ̀, NVDA á sì ka èsì rẹ̀ fún wa, àmọ́ tí lẹ́tà bá wà lórí fọ́tò, ẹni tó ríran ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn irinṣẹ́ yẹn náà kì í rí ohun tí etí ń gbọ́: tí wọ́n bá pe àwòrán kan ní "image1", wọ́n lè ní ó dáa, nígbà tí àwa ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kó tún lọ forúkọ sílẹ̀ ní LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá. Òfin Èkó ti 2011 àti òfin àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2019 wà lẹ́yìn wa, mo sì máa ń dárúkọ méjèèjì nínú lẹ́tà mi.

Tẹ́ ẹ bá ti ra laptop náà, ẹ sọ irú èyí tó jẹ́ fún mi níbí. Àwọn míì ò ní Insert, Caps Lock lẹ máa sọ di bọ́tìnnì NVDA, màá sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.