Sí ìyá aránṣọ tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù àtirìn délé

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé ọkùnrin kan ń dènà de ọmọṣẹ́ yín, ọmọ ọdún 15, lọ́nà Òkè-Baálẹ̀ tó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ lálẹ́, ẹ sì ń béèrè bóyá ọlọ́pàá ni kí ẹ sọ fún tàbí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Àyà mi já. Bí ti àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ ń kí i, ó ra súyà fún un, ó ní òun á máa fi ọ̀kadà gbé e délé.

Ẹ sọ fún àwọn méjèèjì. Ẹ má dúró dìgbà tó bá fọwọ́ kàn án. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá, VAPP ti ọdún 2015, ka kéèyàn máa tọ ẹnìkan kiri sí ẹ̀ṣẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tètè máa ṣíwọ́, kó má dá rìn, kí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn ò le.

Ohun tó le ni ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn tí ọkùnrin yẹn fipá bá àbúrò mi lò pọ̀. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án láìsí ìwé ọlọ́pàá. A dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà ní káńtà ò gbójú kúrò lára fóònù. "Kí lo wá lọ síta lálẹ́?" Ohun tó kọ́kọ́ bi ọmọ tó ń gbọ̀n nìyẹn, lójú àwọn tó wá gba béélì èèyàn wọn. Wọ́n gba owó bébà, wọ́n gba owó bíró. Òmíràn gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rún un mọ́ inú ọ̀rá dúdú, ó so ó pinpin. Nígbà tí wọ́n máa fi tú u, ó ti bu. Inú àpò bébà ni wọ́n ń kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí, torí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́. Èmi tí mò ń ta ata mọ̀ ọ́n, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún kò mọ̀ ọ́n!

Gbogbo ìgbà yẹn, àkókò ń lọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè, wákàtí 72 péré ni wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá ṣe yá tó ló dáa tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa lò ó. Èyí tí kì í jẹ́ kóyún dúró náà kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 5. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ní òun ò lè máa wò ó níran. Torí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Kó má wẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìwé, ẹ ní kí dókítà tọ́jú rẹ̀ ná, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ọlọ́pàá lè tẹ̀lé e.

Àwọn ẹbí ọkùnrin náà tún gbé owó wá pé ká parí ẹ̀ nínú ilé. Ẹ má gbà fún irú wọn láé! Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò bìkítà bóyá ọmọ tí kò tíì pé 18 gbà tàbí kò gbà, ẹ̀wọ̀n gbére ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook pé òun ń wá ìdájọ́. Títí di òní làwọn kan ṣì ń nàka sí àbúrò mi lọ́jà.



Ní ti lánlọ́ọ̀dù tí ẹ béèrè, alága wọn ló máa mọ ilé tí ọkùnrin náà ń gbé. Ẹ gba orúkọ rẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́, kí ẹ wá lọ bá DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà ní káńtà. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ rọ́ yín sẹ́yìn, ẹ lọ sọ́dọ̀ Sífù Dìfẹ́ǹsì, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Àwọn ló dúró tì wá, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Lálẹ́ òní ńkọ́, ta ló máa sìn ín délé?