Ìbéèrè Yín Lórí Ilẹ̀ àti Ilé: "Pulọ́ọ̀tì Kan" Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Yín, Mélòó Báì Mélòó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ni mò ń tà ní Orísunmbáre. Mo fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ìlobùú, ẹ́jẹ́ǹtì ní 50 báì 100 ni, ó sì fa téèpù níwájú ilẹ̀ yẹn lójú mi, ó pé 50 géérégé. Ìgbà tí wọ́n wá fún mi ní fọ́tókọ́pì sọ́fè rẹ̀, 418.06 sikuéà mítà ni mo rí níbẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni 15.24, 30.48, 12.19 àti 30.63. Ilẹ̀ àbúrò mi ní Èkó, 648 ni wọ́n kọ sí tiẹ̀, pulọ́ọ̀tì kan lòun náà rà. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni àbí èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á? Mi ò tíì sanwó o.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ béèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ilẹ̀ yẹn ni ò pé.

Ti Èkó yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín lọ́kàn rú. Pulọ́ọ̀tì ò ní ìwọ̀n kan tí gbogbo èèyàn jọ fẹnu kò lé lórí. Ibi tí wọ́n ti ń ta 60 báì 120, wọ́n sábà máa ń gé e sí mítà 18 sí 36, ìyẹn ló bí 648 ti àbúrò yín. 50 báì 100 tí wọ́n pè fún yín, 5,000 sikuéà fíìtì ni, ẹ pín in sí 10.764 torí pé iye sikuéà fíìtì tó wà nínú sikuéà mítà kan nìyẹn, 464.5 lẹ máa rí. Iye tó yẹ kẹ́ ẹ bá nínú sọ́fè nìyẹn, ká tiẹ̀ ní ó fi díẹ̀ lé tàbí ó fi díẹ̀ dín.

418 ló wá wà nínú ìwé yín. Ibo ni tó kù wọlé sí? Ara ìlà mẹ́rin yẹn ló wà. 50 fíìtì ni 15.24 mítà, 100 fíìtì ni 30.48, ìyẹn ni pé iwájú pé, ẹ̀gbẹ́ pé, ẹ̀gbẹ́ kejì tiẹ̀ lé díẹ̀, àmọ́ 12.19 tó wà lẹ́yìn yẹn, 40 fíìtì péré ni. Ilẹ̀ yẹn fẹ̀ níwájú ó wá fún lẹ́yìn, ẹ́jẹ́ǹtì yín sì mọ ibi tó yẹ kóun fa téèpù dé. Ẹ ro 50 pọ̀ mọ́ 40, ẹ dá a sí méjì, 45 nìyẹn, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 100, ó di 4,500 sikuéà fíìtì. Ẹ pín in sí 10.764, 418.06 yín ti jáde. Sọ́fèyọ̀ tó ya ìwé yẹn ò parọ́ rárá, ẹnu ẹni tó ń tà á ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìwé.

500 sikuéà fíìtì ló dín, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ni wọ́n pè é, a jẹ́ pé ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ìyẹn 100,000, lẹ fẹ́ san lórí ilẹ̀ tí ò sí. Ẹ padà lọ bá wọn, ẹ má bá wọn jà, ẹ kàn ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó tàbí kí wọ́n wá ilẹ̀ tó pé fún yín. Tí wọ́n bá ní "ẹ má da ara yín láàmú, díẹ̀ náà ni," ẹ má gbà. Ilẹ̀ kì í ṣe gaàrí tí wọ́n á fi èènì sí tó bá yá.

Kẹ́ ẹ tó padà débẹ̀ ṣáá, ẹ wá téèpù gígùn tiyín, ẹ mú ẹnì kan dání kẹ́ ẹ jọ fà á, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n á máa ka ìṣísẹ̀ lọ, ìṣísẹ̀ ẹni gíga àti ti ẹni kúkúrú ò sì lè dọ́gba láé. Òkúta sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí, táwọn sọ́fèyọ̀ ń pè ní bíkọ̀n, ló yẹ kó wà nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí nọ́ńbà orí rẹ̀ sì bá ti inú ìwé mu. Láti bíkọ̀n sí bíkọ̀n ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi igi tàbí ògiri aládùúgbò ṣe ààlà. Lẹ́yìn náà ẹ fà á láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ ṣe é lọ́nà méjèèjì. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ 50 báì 100 tó gún régé, igun sí igun á jẹ́ nǹkan bíi 111 fíìtì àti íńṣì mẹ́sàn-án ààbọ̀, méjèèjì á sì dọ́gba. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ilẹ̀ yẹn ti wọ́ nìyẹn, tó bá sì ti wọ́, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pé kí inú rẹ̀ má pé.

Ohun kan tó tún ká mi lára ni ọ̀rọ̀ fọ́tókọ́pì yẹn. Ẹ mú un lọ bá sọ́fèyọ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀, kó bá yín wò ó ní Ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀-Jẹ́nẹ́rà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bóyá wọ́n ti fi ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bóyá ilẹ̀ tí wọ́n mú yín dé náà ni ìwé ń sọ. Owó tẹ́ ẹ máa fún un ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káalẹ́, Ẹ̀gbọ́n wa. Àwa ọmọ ìyá mẹ́rin la fẹ́ dáwó ra éékà kan lápá Abẹ́rẹ́, ká pín in ní pulọ́ọ̀tì méjì-méjì. Ẹnì kan ní pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà nínú éékà, ẹlòmíì ní mẹ́jọ. Ta ni ká gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì tọ̀nà, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ gbogbo ẹ̀ fún yín nínú wọn. Éékà kan, 43,560 sikuéà fíìtì ni, bíi 4,047 sikuéà mítà. Tẹ́ ẹ bá gé e sí 60 báì 120, mẹ́fà ló máa jáde, tó bá jẹ́ 50 báì 100, mẹ́jọ lé díẹ̀ ni. Ẹ ti gbàgbé ọ̀nà o! Ká ní éékà yín fẹ̀ ní 200 fíìtì, tó gùn ní bíi 218, tẹ́ ẹ wá la ọ̀nà 30 fíìtì gba àárín rẹ̀ kọjá kí mọ́tò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo yín. 170 ló kù ní fífẹ̀, 85 lápá ọ̀tún, 85 lápá òsì. Ẹ máa rí mẹ́rin-mẹ́rin gé lápá kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, ó pé mẹ́jọ, àmọ́ 50 báì 85 ni, kì í ṣe 50 báì 100 mọ́. 4,250 dípò 5,000. Ibi tó máa ń dìjà láàárín ọmọ ìyá nìyẹn, ẹni tó ti fi 100 ya pílánù ilé sílẹ̀ á ní wọ́n gé tòun. Bíi 18 fíìtì á tún ṣẹ́kù níparí apá kọ̀ọ̀kan, ẹ lè pín in mọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí sọ́fèyọ̀ ya bí ẹ ṣe máa pín in sórí pẹ́pà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí tiẹ̀, kẹ́ ẹ tó dáwó jọ. Tẹ́ ẹ bá sì rí 0.405 hẹ́kítà nínú ìwé, ẹ má fòyà, éékà kan náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo fẹ́ ra ilé oníyàrá mẹ́ta ní Òkè-Baálẹ̀. Onílé ní yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 báì 12, ọmọ mi wọ̀n ọ́n, ó bá 11 fíìtì àti íńṣì méjì. Ṣé irọ́ ló pa?

ÌDÁHÙN: Rárá o, Mà, ti eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà, àárín ògiri kan sí àárín ògiri kejì ni wọ́n ń ta okùn sí. Búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́sàn-án á gba íńṣì mẹ́rin ààbọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, pílásítà á gba ààbọ̀ íńṣì lọ́tùn-ún àti ààbọ̀ lósì, íńṣì mẹ́wàá ti lọ nìyẹn. Ó ku 11 fíìtì àti íńṣì méjì bí ọmọ yín ṣe rí i gan-an. Àmọ́ yàrá tó ń jẹ́ 144 sikuéà fíìtì lẹ́nu ti di bíi 125 lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ibẹ̀ lẹ sì máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí.

Tí wọ́n bá wá ka gbogbo ilé náà fún yín ní sikuéà mítà, ẹ bi wọ́n bóyá ìta ògiri ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n àbí inú, àti bóyá fàráńdà wà nínú ẹ̀. Ilé méjì tẹ́ ẹ bá ń fi wéra, ọ̀nà kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọn méjèèjì. Ẹ ní kí ọmọ yín mú téèpù yẹn dé pálọ̀ àti kíṣìnì náà, kó kọ iye tó bá rí sílẹ̀ ní yàrá kan sí èkejì, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá onílé dúnàá dúrà.