Nígbà tí alátakò bá pe 5♥ lé 4♠ wa lórí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín nípa káàdì tó dà yín láàmú níbi ìdíje bridge ẹgbẹ́-sí-ẹgbẹ́, eré káàdì tí ẹni méjì fi ń bá ẹni méjì figagbága. Irú rẹ̀ ti jẹ mí níyà débi pé n kò lè kàn wò ó kí n kọjá lọ. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ: ẹ̀yin ni South, North ni ẹnìkejì yín, East àti West ni alátakò. Ẹ wà ní vulnerable, ìyẹn ipò tí èrè àti ìtanràn ti pọ̀ sí i, àwọn alátakò ò sí níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín rèé (♠ ni spade, ♥ ni heart, ♦ ni diamond, ♣ ni club):

♠K983 ♥Q74 ♦A62 ♣J85

Ìpè jẹ́ ìlérí láti kó trick (ìyípo káàdì mẹ́rin tí ẹnì kan jẹ) mẹ́fà pẹ̀lú iye tí a pè, kí súùtì tí a dárúkọ sì jẹ́ trump, èyí tó ń borí ìyókù. Ẹnìkejì yín fi 1♠ bẹ̀rẹ̀, East pe 2♥, ẹ̀yin pe 3♥, súùtì alátakò, kí ó lè mọ̀ pé ẹ ní spade tó tẹ́rùn, àti pé agbára yín tó nǹkan. West gbé e dé 4♥, ẹnìkejì yín pe 4♠, East tún pe 5♥. Ó wá kàn yín. Ẹ ní ṣé 5♠ ni, àbí double, tó ń sọ máàkì 5♥ wọn di ńlá bó pé bí kò pé, àbí kí ẹ pass, kí ẹ má pe nǹkan kan, kí ẹnìkejì yín bá yín gbé ẹrù náà.

Double ni. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Èèyàn ti ń wo 620, máàkì 4♠ tó pé, bí ẹni pé ó ti wà lápò, alátakò wá já a gbà. Ìbínú yẹn ló sábà máa ń pe 5♠ lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn káàdì fúnra wọn.

Ẹnìkejì yín ní spade márùn-ún, ẹ̀yin ní mẹ́rin, mẹ́sàn-án nìyẹn. Heart mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín. Ká tiẹ̀ fojú àánú wo 5♠, ká ní ẹnìkejì yín kò ní heart kankan, a jẹ́ pé mẹ́wàá wà lọ́wọ́ àwọn alátakò. Mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá, mọ́kàndínlógún. Jean-René Vernes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1960 pé bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fi súùtì tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe trump, iye trick tí àwọn méjèèjì lè kó máa ń sún mọ́ iye káàdì tí wọ́n ní nínú súùtì méjèèjì yẹn. Nítorí náà, trick mọ́kàndínlógún la fẹ́ pín.

Bí 5♠ bá pé, tí ẹ kó mọ́kànlá, mẹ́jọ ló kù fún heart wọn. Double á mú 500 wá, 5♠ á mú 650. Ìyàtọ̀ 150 nìyẹn, IMP (máàkì tí a ń sọ ìyàtọ̀ láàárín tábìlì méjèèjì dà) mẹ́rin péré. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá nínú spade, wọ́n á kó mẹ́sàn-án nínú heart. Double á mú 300 wá, 5♠ tí wọ́n bá double á sì gba 200 lọ́wọ́ yín. Ìyàtọ̀ 500, IMP mọ́kànlá. Kódà bí 5♥ wọn bá pé lẹ́yìn double tí ẹ sì san 650, trick mẹ́jọ péré lẹ ì bá kó nínú spade, 800 ni ẹ ì bá sì san. Bí ẹnìkejì yín bá ní heart kan, àpapọ̀ á di méjìdínlógún, ọ̀rọ̀ 5♠ á tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí 5♠ ti dára, èrè tíńtín ni. Ibi tí kò ti dára, òun ló ń gbé ìdíje lọ.

Ẹ tún wo ♥Q yẹn. Bí spade bá jẹ́ trump, kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, torí ẹnìkejì yín kò ní heart, tàbí kó jẹ́ ẹyọ kan ló ní. Bí heart bá jẹ́ trump, ẹ̀yin lẹ jókòó lẹ́yìn East, òun ló sì ní heart tó gùn, ♥Q tó ní káàdì méjì lẹ́yìn lè di trick láìṣe wàhálà. Ẹ fi 4-3-3-3 kún un, kò sí súùtì kúkúrú kankan tí ẹ lè fi trump gé. Ọwọ́ tó yẹ kó dojú ìjà kọ 5♥ nìyí, látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa jù káàdì àkọ́kọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ fi trump bẹ̀rẹ̀ torí pé ẹni tó pe 5♥ báyìí, gígé ló ń wá. Nínú ọwọ́ tiyín, ẹ má dán an wò, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ ara yín fi ♥Q lé East lọ́wọ́. ♠3 ni èmi á jù.

Ìṣirò Vernes yìí, Larry Cohen ọmọ Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo kílọ́ọ̀bù ń sọ ní àwọn ọdún 1990. Mike Lawrence àti Anders Wirgren, àwọn òǹkọ̀wé bridge, wá dìde lẹ́yìn náà, wọ́n fi àpẹẹrẹ púpọ̀ hàn pé ó máa ń yẹ̀, pé súùtì kúkúrú àti ibi tí àwọn káàdì ńlá wà ló yẹ ká tẹjú mọ́. Mo rò pé òtítọ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi máa ń kọ́kọ́ ka iye káàdì, màá wá béèrè bóyá àwọn Q àti J mi wà níbi tí wọ́n ti lè ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wà nínú súùtì alátakò, mo dín ọ̀kan kúrò nínú àpapọ̀. Nínú ọwọ́ tiyín, ìbéèrè méjèèjì gba ibì kan náà, ìdí nìyẹn tí double ò fi le rárá níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyí. Ìpinnu ìpele karùn-ún tó ń lé oorun lójú wa, ìgbà àkọ́kọ́ tí a lanu la ti máa ń ṣe é, tàbí kí a ti bà á jẹ́. Alátakò tó mọṣẹ́ kò ní fún yín láyè ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí ẹnìkejì yín máa fi pinnu lórí 5♥, àfi kí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà tí àyè ṣì wà ní ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Bí kò bá gbọ́ ọ, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa wo ojú ara yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan hàn yín. Ìdíje ẹgbẹ́-sí-ẹgbẹ́ ni, ní kílọ́ọ̀bù kan ní London, vulnerable sì rí bíi tiyín gan-an: àwa wà níbẹ̀, wọn ò sí níbẹ̀. Èmi ni South:

♠K9832 ♥4 ♦AQ762 ♣85

Ẹnìkejì mi fi 1♠ bẹ̀rẹ̀, East pe 2♥. Pọ́ìntì mẹ́sàn-án (A jẹ́ mẹ́rin, K mẹ́ta, Q méjì, J kan) ló wà lọ́wọ́ mi, 4♠ sì ń fà mí. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹnìkejì mi ti ní àdéhùn pé bí alátakò bá ti wọ ọ̀rọ̀, tí ọ̀kan nínú wa bá fò lọ sí súùtì tuntun, ohun tó ń sọ ni pé, “Spade rẹ tẹ́ mi lọ́rùn, súùtì gidi kejì mi sì nìyí.” Mo pe 4♦. West gbé káàdì STOP jáde, èyí tí a fi ń kìlọ̀ pé ìpè fífò ń bọ̀, ó fò sí 5♥. Ẹnìkejì mi ní:

♠AQ1074 ♥86 ♦K95 ♣K73

Ẹ fi ara yín sí àyè rẹ̀. Ó mọ̀ pé spade wa pọ̀. Ó mọ̀ pé ♦K rẹ̀ pàdé súùtì gígùn lọ́dọ̀ mi, àti pé diamond yẹn á gba club rẹ̀ dànù. Àwọn alátakò ti pariwo heart tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ju ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Ó pe 5♠. A pàdánù heart kan àti ♣A, mọ́kànlá pé, 650.

Ní tábìlì kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì kan náà kí a lè fi máàkì wéra, ẹni tó mú káàdì tèmi fò sí 4♠ tààrà. West pe 5♥. North, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ẹnìkejì mi mu káàdì fún káàdì, kò ní ohun kankan tó lè fi mọ̀ pé ♦K òun wúlò. Heart méjì, pọ́ìntì méjìlá, kò sí súùtì kúkúrú tó kọjá ìyẹn. Ó double. N kò rí ẹ̀bi lára rẹ̀ rárá. Èmi náà ì bá double. Spade kan, diamond méjì, club kan, ó ku trick méjì kí 5♥ pé, 300. Ìyàtọ̀ 350, IMP mẹ́jọ bọ́ sọ́dọ̀ wa. Ohun tó sì mú un wá ni ìpè 4♦ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba ìpele karùn-ún. Spade mẹ́wàá àti heart mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mọ́kànlá tiwa àti mẹ́sàn-án tiwọn jẹ́ ogún, nítorí náà Vernes ò purọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá fi ♣Q rọ́pò ♦K: ♦95 pẹ̀lú ♣KQ73 lọ́wọ́ ẹnìkejì mi. 4♦ kan náà ni màá pe, 5♥ kan náà ni West á pe, àmọ́ òun á double kíákíá, torí ó ti mọ̀ pé agbára òun kò bá ti èmi pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn irú ìpè yìí ju gbogbo ọgbọ́n mìíràn lọ nínú bridge. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn méjì fi orí kan ronú.

Bí ẹ bá sì fò sí 4♠ pẹ̀lú spade márùn-ún àti ọwọ́ aláìlera, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ti parí ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ẹ má tún dá sí 5♥. Ẹnìkejì yín mọ ohun tí ẹ ní, ẹ̀yin ò mọ tirẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn tó mọ eré yìí dáadáa ń sọ ọwọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹnìkejì wọn tó ní heart mẹ́ta tó ń dúró de alátakò wá ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé èrè lọ sódò. Àwọn àgbà eré yìí máa ń sọ pé ti alátakò ni ìpele karùn-ún. Mo gbà á bí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ̀rí tó dájú ò bá sí, ẹ fi ìpele karùn-ún sílẹ̀ fún wọn.

Ìwọ̀n náà máa ń yí padà pẹ̀lú ẹni tó wà ní vulnerable. Ọdún 1925 ni Harold Vanderbilt, ọmọ Amẹ́ríkà, to ètò máàkì tuntun sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Finland, tó gba ọ̀nà omi Panama tí wọ́n gbẹ́ lọ sí Havana ní Cuba, ibẹ̀ sì ni vulnerable ti wọ inú eré wa. Òun ló sọ 5♥ East di ohun tí owó rẹ̀ ò wọ́n. Bí trick méjì bá kù kó pé, 300 ló máa san. Bí East bá wà ní vulnerable bíi tiyín, 500 ni, kò sì dájú pé ì bá lanu. Bí gbogbo yín bá wà níbẹ̀, mo máa ń gbàgbọ́ pé ẹni tó pe 5♥ rò pé ó lè pé, nítorí náà mo máa ń ṣọ́ra díẹ̀ kí n tó double.

Ohun kan tún wà tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń fojú kéré: àkókò tí a fi ń ronú. Bí ẹnìkejì yín bá wo òrùlé títí kó tó pass lórí 5♥, gbogbo tábìlì ti mọ̀ pé nǹkan ń gbé e lọ́kàn. Òfin 16 nínú ìwé òfin bridge ò gbà yín láyè láti lo ohun tí ìdádúró yẹn sọ. Bí ìpè méjì bá wà tí ọlọ́gbọ́n lè ṣe, ẹ ò gbọdọ̀ mú èyí tí ìdádúró náà ń tọ́ka sí. Adarí ìdíje lè yí máàkì padà, ó sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn káàdì STOP, ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bóyá ó ní nǹkan láti rò tàbí kò ní. Ẹ lo ìṣẹ́jú àáyá náà tinútinú. Nígbà tí kò bá sí STOP, ẹ ti máa ro 5♥ láti ìgbà tí ẹ ń pe 3♥ tàbí 4♠: “Bí wọ́n bá tún wá, kí ni màá ṣe?” Ẹni tó ti bi ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní pẹ́ nígbà tí ó bá kàn án, ẹnìkejì rẹ̀ sì lómìnira láti pe ohun tó bá wù ú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó padà sí tábìlì, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹnìkejì yín kí ẹ yanjú ọ̀rọ̀ pass tí ẹ béèrè nípa rẹ̀. Àdéhùn tiwa ni pé, bí a bá wà ní vulnerable tí wọn ò sí níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú wa sì ti fi agbára hàn bí ẹ ṣe fi 3♥ hàn án, 5♥ kò gbọdọ̀ kú láìsí double. Pass wa níbẹ̀ ń sọ pé, “Ọwọ́ mi lè gba 5♠, ìwọ ni kó o yàn.” Double ń sọ pé, “Má tẹ̀ síwájú mọ́.” Pẹ̀lú ọwọ́ tiyín, pass lábẹ́ àdéhùn yìí á tan ẹnìkejì yín jẹ, torí á rò pé ẹ ní súùtì kúkúrú níbì kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó pe 4♠ bá ti fò síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ aláìlera, àdéhùn náà ò sí mọ́, pass lásán ni pass. Ẹ kọ méjèèjì sórí káàdì àdéhùn yín, torí alátakò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí pass yín túmọ̀ sí kí wọ́n tó pe ìpè tó kàn.