Ta Ló Máa San Ìtanràn Bí Áàpù Owó Oṣù Bá Sùn Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Berger, l'Ékòó, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọkùnrin kan wá bá mi pé kí n máa fi áàpù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì san owó oṣù wọn. Ó ní áàpù náà ni yóò máa yọ owó-orí, òun náà ni yóò máa bá mi san án fún ìjọba, n kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà mọ́. Èwo nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ló dára jù, tí kò sì wọ́n?

Ìdáhùn: Mo máa dé orí "èwo ló dára jù", mà, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró ná. "N kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà mọ́" yẹn ló bí mi nínú. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ń ta áàpù ń sọ sí gbogbo yín létí.

Irọ́ ni. Áàpù wúlò o, n kò ní kò wúlò. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ni òfin gbé PAYE lé lọ́rùn, ìyẹn owó-orí tí à ń yọ kí owó oṣù tó tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Orúkọ ilé búrẹ́dì yín ló wà nínú ìwé wọn. Bí owó náà kò bá dé, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá, ẹ ó sì san án tòun ti ìtanràn àti èlé. Ohun tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti áàpù, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ san gbèsè, tí ọmọ sùn lọ sójú ọ̀nà, ṣé ẹni tó yá yín lówó máa lọ jí i ni?

Oníbàárà mi kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ti fojú rí i. Oṣù mẹ́rin gbáko ni áàpù rẹ̀ ń sọ fún un lójú fóònù pé wọ́n ti yọ owó-orí, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n yọ ọ́. Inú àpò owó tó wà nínú áàpù náà ló jókòó sí, torí pé ibì kan wà tó yẹ kó tẹ nọ́ńbà owó-orí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìgbà tí lẹ́tà ìjọba dé ló tó pè mí. "A ti yọ ọ́" kì í ṣe "a ti san án". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Rísíìtì tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ni ẹ̀rí, kì í ṣe àwòrán ojú fóònù.

Tiyín tún wá le díẹ̀, torí Berger lẹ wà, ẹ̀gbẹ́ ààlà Èkó àti Ògùn. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán-án yẹn, níbo ni wọ́n ń sùn? Ẹ má sọ fún mi pé Èkó ni gbogbo wọn ń gbé; mo mọ bí bọ́ọ̀sì Mowe àti Ibafo ṣe ń kún láàárọ̀. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ẹni tó ń ti Mowe wá, OGIRS, ìyẹn àjọ tó ń gba owó-orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ni tirẹ̀. Ẹni tó ń ti Agége wá, LIRS, àjọ owó-orí ti Èkó, ló ni ín. Áàpù kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́sì tí ẹ bá tẹ̀ sí i ló máa lò. Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì ilé búrẹ́dì fún gbogbo wọn, bí mo ṣe ń rí i lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, Ògùn ṣì lè wá bi yín léèrè owó tí ẹ rò pé ẹ ti san tán l'Ékòó.

Ìṣirò náà ń kọ́? Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 2026 ti yí i padà. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó ń po fúláwà fún yín ń gba ₦120,000 lóṣù. ₦1,440,000 nìyẹn lọ́dún. Ẹ yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦640,000; 15% rẹ̀ jẹ́ ₦96,000, ìyẹn ₦8,000 lóṣù. Bó bá ní ìwé pé òun ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé, a ó kọ́kọ́ yọ 20% owó ilé náà kúrò nínú ₦640,000 yẹn, owó-orí rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí ₦7,250 lóṣù. Áàpù tó ṣì ń lo ìṣirò àtijọ́ máa gba ₦8,900 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń gba ₦70,000 tí òfin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù, kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí ₦500 tí wọ́n yọ lára tirẹ̀, áàpù ti lọ ṣírò 15% lórí ₦40,000 tó lé lórí ₦800,000, kò sí ẹni tó sọ fún un pé òfin ti yọ onítọ̀hún sílẹ̀.

Bí áàpù bá sì béèrè "gross", owó tí a kò tíì yọ nǹkan kan lára rẹ̀ ló ń wí. Bí ẹ bá ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé ₦120,000 ló máa wọ àkáǹtì rẹ̀, tí ẹ wá tẹ ₦120,000 síbẹ̀, ₦112,000 ló máa rí. "Ọ̀gá gé owó mi" ni wọ́n máa fi jí yín lọ́jọ́ kejì.

Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe dandan fún yín, torí ẹ kò tíì ní òṣìṣẹ́ 15. Ti NSITF ń bẹ o, ìyẹn àjọ tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́: 1% owó oṣù gbogbo wọn. Ti ITF náà ń bẹ, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́: 1% owó tí ẹ ń san fún gbogbo wọn lọ́dún, torí ẹ ti kọjá òṣìṣẹ́ márùn-ún. Àpò yín ni méjèèjì ti ń jáde. Ẹ má yọ ọ́ lára ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku èwo ló dára jù. Fún èèyàn mẹ́sàn-án, ọmọ tó mọ Excel máa ṣe é ní wákàtí méjì lóṣù. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ áàpù (n kò ní dárúkọ, wọn kò fún mi lówó ìpolówó), ẹ mú èyí tó ń fún yín ní rísíìtì ìjọba, tó jẹ́ kí ẹ yan ìpínlẹ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò. N kò tíì rí ìwé yín o, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí ni mo sọ. Ẹ jẹ́ kí akáńtáǹtì tó ní ìwé àṣẹ wo tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Bí ọmọkùnrin náà bá padà wá, ẹ bi í pé: bí owó-orí oṣù yìí kò bá tíì dé LIRS lọ́jọ́ kọkànlá, ta ló máa san ìtanràn? Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú.