Ẹ fi Android sí mọ́tò yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi síìmù sínú ẹ̀

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú oríire mọ́tò. Ohun tí ẹ béèrè ni pé Corolla tokunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní bọ́tìnnì SOS lókè, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ yín lóhùn. Rewáyà yín ní òpópónà Taiwo, ní Ìlọrin, wá ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ rédíò, kí òun gbé Android onísíìmù síbẹ̀, ìyẹn rédíò mọ́tò tó ní ojú gíláàsì ńlá tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù, kí àwọn ọmọ lè máa wo YouTube, kí ẹ̀yin náà sì máa gbọ́ WhatsApp láìfọwọ́ kan fóònù. Ìyàwó yín yarí, ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti lò ó rí sọ̀rọ̀. Mo ti lò ó. Ọdún kan ààbọ̀ ni síìmù fi wà nínú tèmi, èmi náà ni mo sì ní kí wọ́n yọ ọ́.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn kúrò ńlẹ̀. Mọ́tò tó bá ti Amẹ́ríkà wá, síìmù ibẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ ọn nínú, olówó ẹ̀ á sì máa sanwó sí i lọ́hùn-ún. General Motors, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OnStar ní 1996, pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kí mọ́tò lè pe ìrànlọ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ní 2014 ni wọ́n wá ń gbé 4G sínú àwọn mọ́tò wọn, tí mọ́tò fúnra ẹ̀ ń pín Wi-Fi fún àwọn tó jókòó sínú ẹ̀. Nígbà tó di 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá Amẹ́ríkà pa 3G, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó gbára lé e sì yadi, kódà lọ́hùn-ún níbẹ̀. Ẹ má náwó lé bọ́tìnnì yẹn lórí. Èyí tí rewáyà fẹ́ gbé wọlé ni kí a jọ sọ.

Aṣọ òfì ni mò ń tà. Ìlọrin ni àwọn ahunṣọ mi wà, àmọ́ oníbàárà mi wà ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, ní Èkó, ní Àbújá. Ẹ mọ ìṣe ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó: láàárọ̀ ó fẹ́ ẹtù, ọ̀sán pọ́n ó ní àlàárì, nígbà tó máa fi di alẹ́ ó ti gbé fọ́tò aṣọ ẹlòmíì wá pé irú ẹ̀ gan-an lòun ń sọ. Bí o ò bá dá a lóhùn kíá, ó ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Fóònù mi kì í sinmi. Nígbà tí rewáyà sọ pé Android á máa ka ìwé WhatsApp sí mi létí, pé ẹnu lásán ni màá fi máa fèsì, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti san 4,000 náírà tí àwọn Road Safety máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lo fóònù nídìí sítíárì rí, mo sì mọ̀ pé mo jẹ̀bi lọ́jọ́ náà. Mo wò ó pé mo ti bọ́ nínú ìyẹn nìyẹn, pé mo ti di ẹni tó ń pa òfin mọ́.

Ohun kan wà tó ṣe lójú mi lọ́jọ́ tó ń gbé e sí i, tí mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Wáyà pọ̀ lẹ́yìn Android yẹn bí irun. Ọ̀kan tínínrín wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ BRAKE sí lára. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe wáyà yẹn fún ni pé kí wọ́n so ó mọ́ bíréèkì ọwọ́, kí fídíò má baà ṣeé wò àfi tí mọ́tò bá wà ní ìdúró, tí èèyàn ti fa bíréèkì sókè. Rewáyà fi eyín ya ẹnu wáyà náà, ó rọ́ ọ mọ́ abẹ́ nọ́ọ̀tì kan lára irin mọ́tò, ó fi sípánà dè é. Ó ní, "Àlhájà, ìgbà tó bá wù yín lẹ lè máa wo fíìmù báyìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo tún fi kún owó ẹ̀. Ohun tí a jọ ṣe níbẹ̀ ni pé a ta ẹ̀rọ náà jẹ. Android rò pé bíréèkì ọwọ́ wà lókè ní gbogbo ìgbà, pé mọ́tò mi ò kúrò lójú kan rí.

Fídíò kọ́ ló wá kó bá mi o. Mi ò wo fíìmù nídìí sítíárì rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, mò ń gbé aṣọ lọ sí Òmù-Àrán. Mo ti kọjá Ìdófìàn, mo dojú kọ Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀nà sì dá díẹ̀. Android ka ìwé kan sókè: oníbàárà mi kan ní Èkó ni, ó ní òun ò fẹ́ ẹtù mọ́, àlàárì ni, ogún sì ni, kì í ṣe méjìlá. Mo fẹnu dá a lóhùn pé wọ́n ti ta ẹtù sórí òfì. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárì. Mi ò wo Android. Ojú ọ̀nà ni mò ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí òun ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mò ń wò, ṣùgbọ́n òwú ni mò ń rí. Mò ń ka iye ìdì àlàárì tó kù nílé, mò ń ro ẹni tó lè bá mi hun mẹ́jọ sí i kó tó di Jímọ̀. Ọlọ́kadà kan wà níwájú mi tó ti na ọwọ́ òsì jáde tipẹ́, tó fẹ́ yà sí ọ̀nà oko. Ìyá kan jókòó sẹ́yìn ẹ̀, ó gbé bàsíà irú lé itan. Mo rí wọn. Títí di òní mo lè sọ fún yín pé gèlè ìyá náà jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò. Ojú mi rí wọn, ọkàn mi ò gbà wọ́n wọlé. Ìgbà tí mo fi máa tẹ bíréèkì, mọ́tò ti gbá táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà.

Eegun ojúgun ọlọ́kadà yẹn kán. Ìgbọ̀nwọ́ ìyá náà bó yánnayànna. Irú fọ́n káàkiri orí títì, àwọn èèyàn tó sáré wá gbé wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan tí mi ò lè gbọ́ òórùn irú nínú ọbẹ̀ kí ara mi má gbọ̀n. Mo tọ́jú wọn, mo san owó ilé ìwòsàn, mo san owó ẹni tó bá wọn to eegun, mo ń gbé owó oúnjẹ lọ sílé fún oṣù mẹ́ta tí ọkùnrin náà ò lè gun ọ̀kadà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó ti padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé, ìyá ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Ṣé fóònù lẹ ń tẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá, mà." Òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ mi ò lè gbójú sókè wò wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ṣe mí. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah ti ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ fún AAA Foundation, àjọ kan tó ń ṣèwádìí nípa ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e jáde ní 2015. Wọ́n rí i pé bí awakọ̀ bá fẹnu pàṣẹ fún ẹ̀rọ inú mọ́tò tán, ọkàn ẹ̀ lè má tíì padà sójú ọ̀nà pátápátá títí di ìṣẹ́jú-àáyá 27 lẹ́yìn tó ti dákẹ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí èèyàn bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí, mítà 22 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 27, ó ti lọ tó mítà 600. Láti ibi tí mo ti dákẹ́ dé ibi tí ọlọ́kadà yẹn wà, kò tó ìdajì ìyẹn.

Ìlànà wà lọ́hùn-ún náà o. NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, sọ ní 2013 pé ohun tí awakọ̀ bá máa ṣe lára ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ mọ́tò ò gbọdọ̀ gba ojú ẹ̀ kúrò lọ́nà ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, àròpọ̀ ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju 12 lọ. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò ni wọ́n sọ fún. Android tó ti inú páálí jáde, tí wọ́n so wáyà bíréèkì ẹ̀ mọ́ irin, kò sí ẹni tó ń bá a sọ nǹkan kan.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé inú ìgboro lẹ ń wà á, pé kò séwu. Ẹ má dá a lóhùn. Ní Ìlọrin yìí, ṣé Post Office la fẹ́ sọ ni, tàbí Ọjà Ọba, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá á ti dúró gbàgà níwájú yín torí èrò kan juwọ́? Mítà méjì péré ló máa ń wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń sọdá. Máàpù náà ò sì mọ̀ pé wọ́n ti ta kánópì dí àdúgbò torí ìgbéyàwó. Á kàn máa wí pé kí ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ ó sì máa bá a jiyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ Android, ẹ fi sí i. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ẹ̀ dára gan-an, èmi ò jẹ́ padà sí mọ́tò tí ò ní in, pàápàá níwájú ilé tí ọmọdé bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi síìmù sí i, ẹ má sì so WhatsApp mọ́ ọn rárá. Ẹ dúró ti rewáyà nígbà tó bá ń ṣe é, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé wáyà BRAKE dé ìdí bíréèkì ọwọ́. Tó bá ní wàhálà nìyẹn, ẹ fi owó wàhálà náà kún un fún un. Ti àwọn ọmọ ò le: MiFi kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìjókòó ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ìgbọ́hùn sétí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kí wọ́n mọ̀ pé Dádì kọ́ ló ń tún un ṣe.

Èmi, kí n tó ṣíná sí mọ́tò ni mo ti máa ń kọ ibi tí mò ń lọ sí máàpù. Màá wá fi ohùn sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà pé mo wà lójú ọ̀nà, bí mo bá dé Àjàṣẹ́-Ìpo màá dáhùn. Fóònù á wọ báàgì, báàgì á lọ sẹ́yìn. Ní Àjàṣẹ́, màá yà kúrò lójú títì, màá pa iná mọ́tò, màá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dá gbogbo wọn lóhùn. Oníbàárà méjì bínú lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ti padà wá.

Ní ti ìyàwó yín, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú, kí fóònù yín sì wà lọ́wọ́ wọn.